Jálẹ̀ Alhaja Àdìjátù

Ọjọ́ tí Alhaja Àdìjátù ná àìsàn ni gbogbo àwa ará ọjà Òkè Àrin gbà pé kò sí ohun tí obìnrin yìí ò lè ná. Dókítà Anthony ní Lafiaji ló yẹ ẹran bíńtín tí wọ́n gé lára kókó tó wà nínú ọmú rẹ̀ wò, ó ní jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àfàìmọ̀ kí wọ́n má gé ọmú náà. Alhaja tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní, "Dókítà, ṣé jálẹ̀ ẹ̀ nìyẹn?"

Dókítà ní òun ò ta nǹkan kan. Alhaja ní òun mọ̀, àmọ́ kí wọ́n fún òun ní gíláàsì tí wọ́n lẹ ẹran náà mọ́, òun fẹ́ bèèrè níwájú. Ó fi òwú wé e sínú agolo mílíìkì, ó di ọ̀dọ̀ Dókítà Ṣèyí, tóun náà ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Kò yà wá lẹ́nu. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ta mílíìkì àti bisikíìtì, kò gba iye àkọ́kọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Níbi ìgbéyàwó Bùkọ́lá ọmọ rẹ̀, lèmọ́mù ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wáàsí òun. Alhaja ní márùn-ún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n parí ẹ̀ sí, lèmọ́mù tún dúpẹ́.

Dókítà Ṣèyí wò ó títí, ó ní òun ò rí jẹjẹrẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti ń yàtọ̀ díẹ̀ ni. Kí wọ́n yọ kókó náà nìkan, kí Alhaja sì máa wá fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. A rò pé á gba èyí tó dín, á máa yọ̀. Kò gbà á. Bùkọ́lá ní òun lòun bá màmá òun gbé agolo náà délé. Ẹ̀rù ń bà á, ó tó bẹ́ẹ̀: tó bá gbọ́ ti Ṣèyí tí Ṣèyí bá ṣì í, ikú ni, tó bá gbọ́ ti Anthony tí Anthony bá ṣì í, wọ́n á gé ọmú tí kò ṣẹ̀.

Ló bá fi ẹ̀bẹ̀ kó àwọn méjèèjì jọ. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjà kan náà lẹ̀ ń wò, ẹ̀ ń pe iye méjì. Ẹ jọ wò ó. Tí ẹ bá fẹnu kò pé kí wọ́n gé e, kí wọ́n gé e. Mi ò ní ná an mọ́."

Wọ́n jọ wò ó, wọ́n jiyàn títí, wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́. Dókítà Anthony ní jẹjẹrẹ tó ti gbilẹ̀ kì í fa àríyànjiyàn. Èyí tó wà lẹ́nu ààlà báyìí ló máa ń pín àwọn níyà. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé Ṣèyí ló tọ̀nà, ọ̀gá wọn sì gbà bẹ́ẹ̀. Alhaja bi wọ́n bóyá jálẹ̀ wọn nìyẹn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Wọ́n yọ kókó náà nìkan. Ọdún mọ́kànlá ló fi lọ fún àyẹ̀wò, kò fo ẹyọ kan. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó kírun ọ̀sán tán, ó sùn, kò jí mọ́. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Àwọn dókítà méjèèjì wá kí wa. Wọ́n ní láti ìgbà náà, tí ọ̀rọ̀ bá ti wà lẹ́nu ààlà, ẹnì kan kì í dá fọwọ́ síwèé, ọ̀kan á bi èkejì pé, "Ṣé jálẹ̀ ẹ nìyẹn?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Bùkọ́lá wà lára àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́. Ó ní ọmú màmá òun pé méjì, àpá kékeré kan ló wà níbẹ̀. Ó ní òun bẹ̀rẹ̀, òun sọ sí i létí pé, "Màámi, ṣé jálẹ̀ yín nìyẹn?"

Ká ní ikú ṣeé ná ni, àwa náà ìbá tún ná an.