Ewúrẹ́ Ìyá Mi àti Àwo Ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, ilé ni aṣeni ń gbé. Èmi tí mo máa ń pa òwe yìí fún àwọn ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ló ń bá wí.

Ìyá mi kò fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún mi, kò fi ilé sílẹ̀. Abo ewúrẹ́ dúdú kan ló fi sílẹ̀. Nígbà tí ewúrẹ́ náà bí abo méjì, tí wọ́n jọra débi pé ọkọ mi kò mọ èyí yàtọ̀ sí èyí, mo fa ọ̀kan lé ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́, ẹni tí ògiri ilé rẹ̀ kan tèmi. Níbí, lágbègbè Ìkẹ́rẹ́, ẹni tó bá lẹ́ran a máa gé etí rẹ̀ ní àmì. A ò gé ti àwọn wọ̀nyí. Mo ní, "Ta ló fẹ́ bá ta du ẹran nínú wa?" A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyá wọn kú, ti ọwọ́ mi nìkan ló kù mí kù nínú ohun tí ìyá mi sìn.

Ọmọ mi bímọ ní Ìbàdàn, mo sì fẹ́ lọ bá a wẹ ìkókó. Kí n tó lọ, mo fi ẹran mi sí ìkáwọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó sì bi mí pé ìgbà wo ló máa ń jẹun. Mo ní àárọ̀ ni, pé bí mo bá ti ń bó ẹ̀gẹ́ nídìí ààrò, á máa fi pátákò ha ilẹ̀kùn títí màá fi da èèpo fún un. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń pè mí. Bí wọ́n bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, fóònù mi á dún. Á ní, "Gbọ́ ọmọ rẹ o!" Á lu àwo tánganran kan, kọ́, kọ́, kọ́, màá sì gbọ́ bí ẹran náà ṣe ń sáré bọ̀, tó ń run èèpo lẹ́nu. Inú mi á dùn! Màá ní, "Ọlọ́run á dá ẹ lóore." Á ṣàmín, èmi náà á ṣàmín. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí ìkókó ti ń rẹ́rìn-ín síni, mo padà wálé. Ẹran kan ṣoṣo ni mo bá, ó ti lóyún, ọ̀rẹ́ mi so ó mọ́lẹ̀ sẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó ní ọ̀kadà ló pa tèmi. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́ o! Mo wo ẹran yẹn lójú. Ìyá ìbejì kì í ṣi ọmọ rẹ̀ mú. Mo ní, "Tìrẹ ló kú. Tèmi rèé." Ló bá ká ọwọ́ lérí, ó ní mo pe òun lólè.

Ọ̀rọ̀ dé iwájú bàbá olórí àdúgbò. Bàbá ní kò le: "Ẹ tú u sílẹ̀ ní oríta. Ẹran mọ ulé olówó rẹ̀." Kí n tó lanu, ọ̀rẹ́ mi ti ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí ẹran ń wọlé." Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi òpè náà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n tú u. Ó wá sọ́dọ̀ mi tààrà, ó ń gbóòórùn ìró mi. Mo ti ń dúpẹ́ nínú. Ìgbà náà ni wọ́n kírun tán, tí èrò ń tú jáde ní mọ́ṣáláṣí. Ẹran gbórí sókè, ó yí padà, ó sì sáré wọ ilé ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá ní kí n bẹ̀ ẹ́ nítorí orúkọ burúkú tí mo pè é. Mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ gbà mí! Mo kúnlẹ̀ bẹ ẹni tó jí mi lẹ́ran.

Ó ti jàre, kò tún so ẹran náà mọ́lẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí nǹkan ń ha ilẹ̀kùn. Mo ṣí i. Òun ni! Ó wọlé, ó lọ sí ibi tí mo máa ń da èèpo sí gan-an, ó dúró dè mí. Ẹran ti ọ̀rẹ́ mi kò wọ ilé ìdáná mi rí láyé rẹ̀. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Àárọ̀ ni mo sọ fún un, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ìrọ̀lẹ́ kọ́ ọ. Ní etígbọ̀ọ́ mi ló ti kọ́ ọ, lórí fóònù, tí mò ń ṣàdúrà fún un.

Ọ̀rẹ́ mi gba ẹ̀yìn wá pẹ̀lú okùn àti àwo rẹ̀. Ó lu àwo náà. Ẹran ń jẹ èèpo rẹ̀ lọ. Ó tún lù ú, ẹran kò tilẹ̀ gbórí. Mo ní, "Ṣé o rí i?" Kò lè wò mí lójú. Ó ní, "Bàbá ti dá ẹjọ́ náà," ó sì wọ́ ẹran náà lọ, tòun toyún. Mo padà tọ Bàbá lọ. Bàbá ní èèpo ẹ̀gẹ́ lè fa ẹran ẹlẹ́ran wọlé.

Ọ̀hún ni ẹran náà bímọ sí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kì í kí ara wa mọ́. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti kírun tán, tí mo gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́ lódì kejì ògiri, kí n tó rántí, ẹnu mi á ti ní, "Ọlọ́run á dá ẹ lóore." Màá tutọ́ sílẹ̀, màá bẹ Ọlọ́run kó má gbà á.