Aṣọ Omi Méjì Tí Àjíbíkẹ́ Rán

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ n sọ ti Àjíbíkẹ́ fún yín. Ìwọ tó o jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, wọlé, mi ò ní pariwo. Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ò fẹ́ ariwo.

Télọ̀ ni Àjíbíkẹ́, ní ọjà Aswani. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló ń rán. Ọmọ Ìwó ni, ó ti lé láàádọ́ta ọdún, kò lọ́kọ, kò bímọ, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nínú ilé tó ń gbé n'Ísọlọ̀, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe gbogbo obìnrin ibẹ̀, Ìyá Lágbájá. Òun nìkan àti Lúsì ni "Àǹtí". Lúsì ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiẹ̀, ó ń gbálẹ̀ ní ẹ́ápọ́ọ̀tù. Torí pé àwọn méjì ni, "Àǹtí" yẹn ò dùn ún rárá.

Sítóòfù kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Tí Àjíbíkẹ́ bá gé aṣọ fún ara ẹ̀, méjì ló ń gé. Bó ṣe Iléyá, bó ṣe Kérésì, àǹkó ni wọ́n ń wọ̀ jáde. Àdúgbò ti mọ̀ wọ́n mọ́ ọn.

Ọjọ́ kan ni wọ́n rí i lórí tẹlifísọ̀n Lúsì: àwọn èèyàn fi gíláàsì bojú, wọ́n ki páìpù bọ ẹnu, wọ́n dojú bolẹ̀ lórí omi, wọ́n ń wo ẹja.

Lúsì ní, "Àjí, a máa débẹ̀."

"Àwa tá ò lè lúwẹ̀ẹ́ nínú bàfù pàápàá?"

"Ta ló ní kó o mu omi náà tán? Wíwò la fẹ́ lọ wò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ará ilé fi ń gbá ògiri.

Nígbà tó yá, Lúsì rí ọkọ. Bọ̀dá Olúyínká ni, ìyàwó ẹ̀ ti kú, ó nílé sí Àjàó Estate. Àjíbíkẹ́ ló rán aṣọ ìgbéyàwó, ó jó dáadáa lọ́jọ́ náà. Lúsì wá kó lọ. Ẹ gbọ́ o, láti Ìsọlọ̀ dé Àjàó, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ni! Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù! Ṣùgbọ́n "mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" ló kù tí Lúsì ń sọ lórí fóònù. Àjíbíkẹ́ á se ọbẹ̀ ẹni méjì, á jẹ ẹ́ títí á fi kan.

Àfi bí fóònù ṣe dún lọ́jọ́ kan. "Àjí! Mo ti rí àwọn tó ń kó èèyàn lọ wo ẹja! Tarkwa Bay ni, létí òkun, àárọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ bọ̀. Mo ti forúkọ wa sílẹ̀!"

Inú ẹ̀ dùn débi pé ó pa yúnífọ́ọ̀mù ọlọ́mọ tì. Ó ra aṣọ tó ń fà, aláwọ̀ ewé, ó rán an ní aṣọ omi tó gùn dé kókósẹ̀, ó fi yẹ́lò sí ọrùn ẹ̀. Méjì. Kò wọn Lúsì. Ìwọ̀n tó wà lórí ẹ̀ ló fi gé e. Ó ní ọjọ́ yìí lòun máa fi mọ̀ bóyá Lúsì ṣì jẹ́ Lúsì òun.

Òṣòdì ni bọ́ọ̀sì ti gbé wọn. Lúsì dé. Bọ̀dá Olúyínká dé tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì wọ búlúù tí wọ́n ya ẹja sí láyà.

Bọ̀dá ní, "Àǹtí Àjíbíkẹ́, ẹ ò rí àǹkó wa? Ìyàwó mi ló rà á! Mo ní mi ò lè jẹ́ kó dá lọ sínú omi."

"Ó yẹ yín gan-an, sà," ni Àjíbíkẹ́ wí. Ó fi ẹsẹ̀ ti báàgì tí aṣọ omi méjèèjì wà sábẹ́ àga bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé wọn dé etíkun, Àjíbíkẹ́ wọ aláwọ̀ ewé tiẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, wọ́n bá ọ̀gá àwọn tó kó wọn wá lọ sísàlẹ̀ omi. Kọ́láolúwa, ọmọkùnrin tó ń bá ọ̀gá yẹn ṣiṣẹ́, ló kó àwọn yòókù, àwọn onípáìpù, lọ síbi òkúta. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

Ó ní, "Méjì-méjì la ń wọlé o. Ẹ di ẹnìkejì yín lọ́wọ́ mú. Kò sẹ́ni tó ń dá wọ omi yìí."

Bọ̀dá ti di Lúsì mú kó tó sọ ọ́ tán. Kálukú mú ẹni tiẹ̀. Àjíbíkẹ́ dúró, ọwọ́ ẹ̀ rọ sílẹ̀.

Kọ́láolúwa bi í pé, "Màmá, ẹnìkejì yín ńkọ́?"

Ó wo Lúsì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan péré ló ń retí! Lúsì wo omi, ó wo ọkọ ẹ̀, ó ní, "Kọ́lá, jọ̀ọ́, bá wa mú un dáadáa. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

Bíi pé òun mọ̀ ọ́n!

Kọ́láolúwa ló mú un wọlé. Inú omi dákẹ́. Mímí ara ẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ nínú páìpù, hùù, hùù, bó ṣe ń gbọ́ ọ nínú yàrá látìgbà tí Lúsì ti lọ. Omi ò mọ́ bíi ti tẹlifísọ̀n. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá òkúta, ẹja wẹ́wẹ́ abilà yọ, wọ́n yí padà pọ̀, wọ́n tàn yanran. Àjíbíkẹ́ fa ọwọ́ tó dì mú, kí ẹnìkejì ẹ̀ lè wò wọ́n. Kọ́láolúwa rò pé ẹ̀rù ló ń bà á, ó sáré gbé e sókè.

Àjíbíkẹ́ jókòó sórí iyanrìn, aṣọ tutù lára ẹ̀. Lúsì wá bá a.

"Àjí, o rí ẹja? Mi ò rí nǹkan kan, Bọ̀dá ń fà mí kiri ṣáá."

"Aṣọ ẹ wà nínú báàgì."

"Aṣọ wo?"

Lúsì fà á yọ, ó gbé e sára. Ó bá a mu láti ọrùn dé kókósẹ̀. Ó wo ti ara Àjíbíkẹ́. "Háà, Àjí. O ò bá sọ fún mi."

"Ìgbà wo ni mo máa ń sọ tẹ́lẹ̀?"

Bọ̀dá ń pe Lúsì lábẹ́ agboòrùn, "Ìyàwó mi, ìrẹsì ń tutù o!"

Lúsì ní, "Wá ká jọ jẹun. A máa wá àga kan sí i."

Ọkọ̀ ojú omi kan ń pe èrò tó ń padà sílé. Àjíbíkẹ́ gbọn iyanrìn ìdí ẹ̀, ó mú bàtà ẹ̀ dání, ó dìde, ó lọ wọ ọkọ̀ náà.