Ojú Ìwé Tí Simiat Kò Rí

Ọdún tí wọ́n gbé mi kúrò ní Ìkòròdú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀pẹ́, kíláàsì karùn-ún ni wọ́n ní kí n máa kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní kí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Simiat dìde kàwé. Ó kà á já geere, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Ìwé tó dì mú dorí kodò.

Mo sún mọ́ ọn. "Simiat, kí ni mo kọ sójú pátákó?"

"Àǹtí, orí ń fọ́ mi. Gbogbo ẹ̀ funfun ni mò ń rí."

Ó ti há ẹ̀kọ́ náà sórí tẹ́lẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ ti ń wú bọ̀ láti bí ọjọ́ mélòó kan, mo sì ti sọ fún ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹja yíyan létí ọ̀sà. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn: "Àǹtí, ẹ jẹ́ kọ́mọ sanra díẹ̀. Ẹja wa ló ń hàn lára ẹ̀!" Mo ṣàlàyé pé sísanra kì í mú kí ìpéǹpéjú wú láàárọ̀ kó tún wálẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó ní tí ọjà bá ti tú, òun á mú un lọ sílé ìwòsàn.

Ibi tí mo dúró ti Simiat ní kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ náà ni gìrì ti mú un. Tíṣà kíláàsì kejì gbé ṣíbí sáré wọlé.

"Ẹ fi sí i lẹ́nu, kó má gé ahọ́n jẹ!"

"Ẹ gbé ṣíbí yẹn padà sídìí ọbẹ̀ yín, kẹ́ ẹ bá mi sún bẹ́ǹṣì."

Mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, mo tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀. A kò fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Nígbà tí gìrì náà dá, a gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ìyá rẹ̀ bá wa níbẹ̀, èéfín ẹja ṣì wà lára rẹ̀. "Àǹtí, ṣé wárápá ni? Ojú ọmọ mi ńkọ́?"

Dókítà ló dá a lóhùn lẹ́yìn tí wọ́n ti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Simiat, tí wọ́n sì ti ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀. "Ìyá, kì í ṣe wárápá. Kíndìnrín rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, ìyẹn ló mú ojú rẹ̀ wú, òun náà ló sì fa ẹ̀jẹ̀ ríru."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru? Ọmọ kékeré?"

"Ó ń mú ọmọdé náà, mà. Òun ló jẹ́ kí ọpọlọ wú lápá ẹ̀yìn, níbi tí a ti ń mọ ohun tí ojú rí; ìdí nìyẹn tí gìrì fi mú un. Ojú gan-an kò bàjẹ́. Tí a bá rọra mú ìfúnpá náà walẹ̀, wíwú yẹn sábà máa ń lọ. Ó dára tí ẹ tètè gbé e wá."

Ìyá rẹ̀ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo lọ kí wọn. Simiat yíjú sí ìyá rẹ̀, ó wò ó títí.

"Màámi, ìpẹ́ ẹja wà lára gèlè yín."

Obìnrin náà fọwọ́ kan gèlè, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Simiat padà sí kíláàsì mi, pẹ̀lú oògùn àti oúnjẹ tí kò níyọ̀ púpọ̀. Títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn ọmọ tó bá ń kàwé ni mo máa ń dúró sí, kí èmi àti òun lè jọ máa wo ojú ìwé kan náà.