Ọdún Méje Tí Akọ̀wé Ìran Kọ

Ní ọdún tí àwọn ọlọ́lá ju àga lu ara wọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin n'Íbàdàn, tí ìjọba àpapọ̀ sì wá ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn síta, ilé àdúrà kan wà lẹ́bàá títì ní Ọ̀rẹ̀ tí nǹkan ti ń lọ létòlétò. Kò sẹ́ni tó ń ju àga níbẹ̀. Ẹní ni wọ́n ń jókòó sí.

Olútóyìn Fádáre ni akọ̀wé ìran ibẹ̀. Bí Ẹ̀mí bá gun aríran lákòókò ìsìn, akọ̀wé á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, á máa kọ ohun tó ń sọ. Ìjọ á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa kọrin gidigidi, nítorí náà etí akọ̀wé nìkan lọ̀rọ̀ ń dé. Bí Ẹ̀mí bá sì ti fi aríran sílẹ̀, aríran kò ní rántí ohunkóhun. Òfin ni. Ẹni tó bá rántí ohun tó sọ, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, kì í ṣe Ẹ̀mí. Akọ̀wé ni yóò wá ka ìwé náà sétí Bàbá Wòlíì àti àwọn àgbà ìjọ, ohun tí wọ́n bá sì gbọ́ ni wọn yóò ṣe. Ọlọ́run ń ránṣẹ́, aríran ń jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú àwọn méjèèjì tó ń ká pẹ́ńsù mọ́ Olútóyìn lọ́wọ́ láti wo ohun tó kọ.

Odígbó ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni bàbá wọn fẹ́ rán lọ sí iléèwé, àmọ́ ọmọ náà sá wọ oko kòkó lọ́jọ́ kejì, ó ní ìdí òun ò gba bẹ́ǹṣì. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ra síléètì, wọ́n ní kí Olútóyìn máa mú un lọ kó má baà ṣòfò. Ó lò ó dé ìwé mẹ́fà. Nígbà tó dàgbà, wọ́n fi í fún awakọ̀ kan tó ń kó gẹdú. Ọdún kò tíì yípo tí gẹdú náà fi já lé ọkùnrin yẹn lórí. Olútóyìn sunkún rẹ̀ bó ti yẹ, kò sì sun ún kọjá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí ilé àdúrà, ó ń rán sùtánà funfun fún ìjọ, ó ń kọ ìran. Fún ọdún mẹ́fà, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún ti Ẹ̀mí, kò sì yọ ọ̀kan kúrò.

Jésùtọ́pẹ́ ni aríran. Ọmọ àgbẹ̀ tó ti apá Iléṣà wá dáko ní Àgọ́ Aláyé ni. Wọ́n gbé e wá sílé àdúrà pẹ̀lú àìsàn kan tí kò jẹ́ kó sùn. Ẹ̀yìn ìgbà tó rí ìwòsàn ni wọ́n ṣèrìbọmi fún un, tí wọ́n sọ ọ́ ní Jésùtọ́pẹ́, tí Ẹ̀mí sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Kò mọ̀wé. Yàrá kan náà tó wà lẹ́yìn ilé àdúrà ni wọ́n fi í sí pẹ̀lú Olútóyìn, nítorí pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń kọ ọ́ kò gbọdọ̀ jìnnà síra. Òótọ́ ni Bàbá Wòlíì sọ. Wọn ò jìnnà síra.

Lójú ìjọ, Jésùtọ́pẹ́ a máa pè é ní "Àǹtí Akọ̀wé", a sì máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọlúwàbí. Bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn, ó di "Tóyìn", ó di "ìwọ". "Ìwọ" yìí dùn mọ́ Olútóyìn ju gbogbo "ẹ" lọ. Ó ti gbé nílé ọkọ rí, kò sì sí ohun tó ṣe é níbẹ̀ tó jọ ohun tó ń ṣe é bí ọmọbìnrin yìí bá gbé orí lé e láyà, tó fi ẹnu kan ọrùn rẹ̀, tó ní kó ka Orin Sólómọ́nì fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i, kó má fo ibì kankan. Ohun tó wà láàárín wọn kò lórúkọ ní Ọ̀rẹ̀. Ohun tí kò lórúkọ, a kì í pè é sí ìpàdé àgbà. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n rí ayé jẹ.

Jàmíátù nìkan, obìnrin tó ń yan púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́, lórí àjà iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ló máa ń fọwọ́ tọ́ ọ.

"Ẹ̀yin méjì yìí," á ní, "ọ̀kan sín, èkejì nu imú. Ọkọ tèmi, ọdún kọkànlá rèé, kò mọ̀ pé mo nímú."

"Ẹ bá wa ṣàmín, Àǹtí Jàmíátù," Jésùtọ́pẹ́ á fèsì.

"Àmín ti Mùsùlùmí ni mo ní o. Ṣé á ṣiṣẹ́ lára sùtánà?"

Olútóyìn fẹ́ kọ́ ọ ní ìwé. Ó ra síléètì tuntun. Jésùtọ́pẹ́ yí i padà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi gbé ata.

"Ojú rẹ lojú mi," ó ní. "Kí ni mo tún ń fi méjì mìíràn ṣe?"

Olútóyìn rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn. Kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ kì í dùn bí wọ́n bá sọ pé òun lojú ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí Gbádéyan fi dé.

Gbádéyan ń ra kòkó. Ó ní ìyàwó méjì, ó ní mọ́tò, òun ló fi páànù bo orí ilé àdúrà, òun náà ló sì ni ilẹ̀ tí bàbá Jésùtọ́pẹ́ ń dáko lé ní Àgọ́ Aláyé, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ó wá bá Bàbá Wòlíì Ògúndípẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi aríran ṣaya. Bàbá Wòlíì wo òkè. Páànù ló rí.

"Ọ̀rọ̀ ńlá ni," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká bi Ẹ̀mí ní ìsìn Ọjọ́rú."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Olútóyìn ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ ra òwú, ló rí Jésùtọ́pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò Gbádéyan. Ọkùnrin náà ń na aṣọ àrán kan sí i. Jésùtọ́pẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó dáa ni.

"O gba àrán," Olútóyìn ní nígbà tí wọ́n dé yàrá.

"Ṣé kí n jù ú lù ú ni? Orí ilẹ̀ ẹ̀ ni bàbá mi wà."

"O rẹ́rìn-ín."

"Tóyìn, eyín ni mo fi hàn án, mi ò fún un." Ó gbá àrán náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Fọkàn balẹ̀. Lọ́la, sáà kọ ohun tí o bá gbọ́."

"Kí ni màá gbọ́?"

Jésùtọ́pẹ́ tún rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀mí ló mọ̀. Kọ ohun tí o bá gbọ́, ó parí."

Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó fi ọkàn Olútóyìn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn ẹni tó ń jowú dà bí ẹni tó ní ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Kò sí ilẹ̀ tó tẹ́jú lójú rẹ̀. Títí ilẹ̀ fi mọ́, àrán tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ni Olútóyìn ń rò.

Ní ìsìn Ọjọ́rú, ilé àdúrà kún. Gbádéyan jókòó níwájú, ó ti bọ́ bàtà. Orin ròkè, àtẹ́wọ́ ròkè, Jésùtọ́pẹ́ mì, ó ṣubú sórí ẹní. Olútóyìn kúnlẹ̀ tì í, ó ṣí ìwé.

"Gbádéyan, ọmọ mi," ni ohùn náà wí, "ọrẹ rẹ dé ọ̀dọ̀ mi. Ohun tí o béèrè lọ́wọ́ mi..."

Lójú Olútóyìn, Ẹ̀mí ti gbà nìyẹn. Kò dúró gbọ́ ìyókù. Bí ẹni tó rí ejò tí kò dúró wo ìrù rẹ̀, ó tẹ orí ba ìwé, pẹ́ńsù sì sáré. Ó kọ ọ́ pé Olúwa wí pé ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ fẹ́ ohun èlò òun títí ọdún méje yóò fi pé. Méje ló kọ, nítorí pé méje ni nọ́ńbà Bíbélì, kò sí alàgbà tó lè bá méje jà. Nígbà tó fi gbé orí sókè, Jésùtọ́pẹ́ ti dákẹ́, ó ń wò ó láti ilẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

Ó kà á sétí àwọn àgbà. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Bí ó ti dé orí ọdún méje, ó rí i pé ojú Jésùtọ́pẹ́ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà kú fin-ín.

Olútóyìn ń retí kí Gbádéyan bínú, kó wọ bàtà rẹ̀, kó gbé páànù rẹ̀ lọ bó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà dìde díẹ̀díẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Jákọ́bù!" ó ní. "Ọdún méje ni Jákọ́bù fi sin Lábánì nítorí Rákélì! Bàbá Wòlíì, Ẹ̀mí ò kọ̀ mí! Ó ní kí n dúró!"

"Alelúyà!" ni ìjọ wí.

Olútóyìn wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ka Jẹ́nẹ́sísì láìmọye ìgbà. Nínú gbogbo nọ́ńbà tí Ọlọ́run dá, èyí tí wọ́n fi ń tọrọ ìyàwó ló lọ mú.

"Àwọn ọdún náà sì dà bí ọjọ́ díẹ̀ lójú rẹ̀," Bàbá Wòlíì parí ẹsẹ náà fún wọn, inú rẹ̀ dùn pé Bíbélì, páànù àti Ẹ̀mí fìmọ̀ ṣọ̀kan. "Rákélì ti Gbádéyan ni láti òní lọ."

"Ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi kò sì lè máa gbé lẹ́bàá títì, láàárín àwọn onímọ́tò," ni Gbádéyan wí. "Ìyá mi ń gbé ní Aráròmí-Obù. Kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ wọn, títí méje á fi pé."

"Bàbá," ni Olútóyìn sọ, "ẹ jẹ́ kí n bá a lọ. Ta ni yóò máa kọ ìran rẹ̀?"

Bàbá Wòlíì fi ọwọ́ kàn án léjìká pẹ̀lú ìfẹ́. "Ọmọ mi, bí o bá lọ, ta ni yóò máa kọ tiwa?"

Nínú yàrá, Jésùtọ́pẹ́ ń di ẹrù. Sùtánà méjì, ìró kan, àrán yẹn. Kò sọkún. Olútóyìn ti ilẹ̀kùn.

"O fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí o kọ?" Jésùtọ́pẹ́ bi í. Kò gbé ojú sókè. "'Ohun tí o béèrè lọ́wọ́ mi, tèmi ni, kì í ṣe tìrẹ. Rán aríran àti akọ̀wé, àwọn méjèèjì, lọ sí Àgọ́ Aláyé, kí wọ́n lọ dá ilé àdúrà sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ Gbádéyan ni kí o fún wọn nílẹ̀, má sì gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ará ilé wọn mọ́.' Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi há a sórí."

Olútóyìn jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "O rántí rẹ̀."

"Ọjọ́ kan ṣoṣo yìí ni Ẹ̀mí ò sí lórí mi. Mo purọ́ mọ́ Ọlọ́run nítorí tìẹ. Ìwọ náà purọ́ mọ́ ọn nítorí tèmi. Irọ́ tèmi, ilé wa ló wà nínú rẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo ní kí o kọ ohun tí o bá gbọ́. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo rò pé ìwọ lojú mi."

"Màá lọ jẹ́wọ́. Nísinsìnyí. Màá sọ pé èmi ni mo kọ ọ́ láti orí ara mi."

"Wọ́n á bi ọ́ pé kí ni mo wí gan-an. O ò gbọ́. Èmi nìkan ló mọ̀, bí mo bá sì sọ, mo rántí nìyẹn. Aríran tó rántí, òpùrọ́ ni. Bàbá mi á kó ẹrù kúrò lórí ilẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Gbogbo ẹni tí a ti ríran sí láti ọdún mẹ́fà, àwọn tó fi í gbéyàwó, àwọn tó fi í fi oògùn sílẹ̀, wọ́n á wá bi wá léèrè." Ó so ẹrù náà ní kókó. "Jókòó jẹ́ẹ́, Tóyìn. O ti kọ ọ́."

Níta, mọ́tò Gbádéyan fun fèrè. Jésùtọ́pẹ́ dìde, ó gbá ojú Olútóyìn mú láàárín ọwọ́ méjèèjì, ó dì í mú pẹ́, lẹ́yìn náà ó ṣílẹ̀kùn.

"Ó dàbọ̀, Àǹtí Akọ̀wé," ó ní lójú gbogbo ayé. "Ẹ máa gbàdúrà fún wa."

Jàmíátù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjà púpurú rẹ̀. Ó mú púpurú méjì, ó wé e sínú ewé, ó nà án sínú mọ́tò.

Oṣù kan kọjá. Olútóyìn kọ lẹ́tà mẹ́ta, ó sì ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Jésùtọ́pẹ́ kò mọ̀wé. Ẹnikẹ́ni tó bá máa kà á fún un ní Aráròmí-Obù, ọmọlẹ́yìn Gbádéyan ni. Síléètì tuntun ṣì wà lábẹ́ fèrèsé, àbàwọ́n ata kò lọ. Sùtánà Jésùtọ́pẹ́ ló ń rán, kò níwọ̀n lọ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló fi rántí èjìká àti ìbàdí, ó sì rán an dáadáa. Gbádéyan fúnra rẹ̀ ló wá gbà á, ó ní òun ń lọ kí Rákélì òun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé gidigidi.

Wọ́n yan aríran mìíràn, ìyá arúgbó kan láti Odígbó tí Ẹ̀mí rẹ̀ kì í sọ ju ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn lọ. Ní Ọjọ́rú, ìjọ pàtẹ́wọ́, ìyá náà ṣubú sórí ẹní, Olútóyìn kúnlẹ̀ tì í. Ó tẹ orí mọ́lẹ̀ títí etí rẹ̀ fi kan ètè arúgbó náà. Bóyá yóò dárúkọ Aráròmí-Obù. Bóyá Ọlọ́run, tí wọ́n purọ́ mọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, á fẹ́ sọ tirẹ̀.

"Mo rí ewúrẹ́ kan," ìyá náà wí, "ewúrẹ́ dúdú, ó ti já okùn."

Olútóyìn dúró. Ó dúró títí arúgbó náà fi parí, títí ó fi mí kanlẹ̀, tó la ojú. Ìgbà náà ló fi pẹ́ńsù kan ìwé. Ewúrẹ́ ló kọ.