Lẹ́tà Tí Nirupama Tún Tẹ̀

Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Nirupama nígbà tó kọ́kọ́ dúró níwájú kámẹ́rà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ táìpù àtijọ́ kan wá sí ilé ìyafíìmù ní Tollygunge, ní ìlú Kolkata, kò sì sí òṣèré kankan níbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n tẹ̀. Aládùúgbò kan ló ní, "Ẹ lọ bá Nirupama. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tẹ táìpù fún ìjọba."

Tuhina, ọmọbìnrin tó ń darí fíìmù náà, wá bá a nílé.

"Máṣímà," ló pè é, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbẹ̀, "ìtàn Malobika àti Ela ni. Wọ́n jọ ń ya fíìmù ní Kolkata níbí, ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn bíi tọkọtaya. Ìjọba fòfin de fíìmù wọn, kò sẹ́ni tó rántí wọn mọ́."

Nirupama rọra gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun máa wá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń yà á, wọ́n kun irun rẹ̀ dúdú, wọ́n wọ̀ ọ́ ní sárì funfun. "Ẹ tẹ ohun tó bá wù yín," ni Tuhina wí. "Ẹ̀yìn yín àti ọwọ́ yín nìkan la máa yà."

Ọwọ́ Nirupama bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Nígbà tó dúró, Tuhina fa ìwé náà yọ, ó kà á: "A kò fọwọ́ sí fíìmù yìí, nítorí ó fi ìfẹ́ obìnrin sí obìnrin hàn bí ohun ẹ̀yẹ."

"Ta ló kọ èyí?"

"Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò ló sọ ọ́, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Malobika àti Ela wá gba lẹ́tà náà. Ela fi agboòrùn bo Malobika, òun fúnra rẹ̀ rin gbindin. Mi ò lè wò wọ́n lójú."

Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Tuhina, ya ìwé eré rẹ dànù, ọ̀gá ẹ ti dé."

Tuhina sì yà á dànù lóòótọ́. Nínú eré tuntun, atáìpù tí Nirupama ń ṣe máa dìde, á sì sáré bá àwọn obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lẹ máa sọ fún wọn, Máṣímà?"

Nirupama rò ó títí luṣi ọ̀sán rẹ̀, búrẹ́dì pẹlẹbẹ díndín, fi tutù. Nígbà tí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀, ó di ọwọ́ òṣèrébìnrin tó ń ṣe Ela mú. "Mo wo fíìmù yín. Ó dára gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣíwọ́."

Òṣèré náà bú sẹ́kún. Ẹkún ò sí nínú eré, ṣùgbọ́n Tuhina fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà òtútù ni wọ́n fi fíìmù náà hàn. Àwọn ọ̀dọ́ ò tètè lọ sílé. Wọ́n dúró sójúde, wọ́n ń bi ara wọn ibi tí wọ́n ti lè wá àwọn iṣẹ́ Malobika àti Ela rí.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, olùdarí mìíràn pe Nirupama pé kó wá ṣe ìyá àgbà.

"Ṣé mo máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" ló bi í. "Tí kò bá sí ọ̀rọ̀, mi ò wá o."