Ọ̀sán Tí Wárápá Kọ̀, Tí Kò Fi Ẹ̀gbọ́n Mi Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Fúnkẹ́, ń pa ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé wa ní Ìyàrá, nígbà tí ojú rẹ̀ dédé dúró sójú kan. Mo pè é, kò dáhùn. Kí n tó dìde, ó ti ṣubú.

Láti kékeré ni wárápá ti ń ṣe é. A mọ̀ pé tó bá ti tó ìṣẹ́jú méjì, yóò lọ. Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo ká ìborùn mi sábẹ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ń gbọ̀n ṣáá, ètè rẹ̀ sì ń di dúdú. Ìyá wa gbé ṣíbí wá.

"Ìyá, ẹ má kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu o!" ni mo kígbe.

Aládùúgbò kan ní kí n má fọwọ́ kan ìfófòó ẹnu rẹ̀, pé yóò ràn mí. Mo nù ún nù. Wárápá kì í ràn.

Àlàájì ojúlé kejì fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ní Kàbbà. Ó ń ṣe àdúà, ìyá mi ń pe Jésù, èmi ń wo aago.

Abẹ́rẹ́ kìíní kò dá a dúró. "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" ni dókítà bi mí.

"Ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú, sà."

Ó sáré lọ mú oògùn mìíràn. Eré yẹn bà mí lẹ́rù ju gbígbọ̀n náà lọ.

Oògùn inú iṣan ló dá a dúró, tó sì mú un sùn. Dókítà wá ṣàlàyé pé sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ọpọlọ, wọ́n sì ń fi iná mànàmáná kékeré ránṣẹ́ síra wọn. Bí wárápá bá pẹ́ jù, iná náà kò ní sinmi. Èròjà kan tó ń jẹ́ kálísíọ̀mù á ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì ju bó ṣe yẹ lọ, á sì ta àwọn ohun tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ láti inú jí. Bí gbígbọ̀n tilẹ̀ dúró, ìbàjẹ́ náà lè máa bá a lọ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí mò ń ronú ohun tó ń kú lọ nínú orí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti pa oògùn rẹ̀ tì, torí ó rò pé òun ti sàn. Mo mọ̀, n kò sì sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó lajú.

"Okun o," ni mo wí, bí àwa ará Ìyàrá ṣe ń kí ara wa.

"Okun," ló fi dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò rántí orúkọ mi títí di ọjọ́ kejì.

A ti wà nílé báyìí. Àárọ̀ àti alẹ́ ló ń lo oògùn, lójú mi. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé, bí gbígbọ̀n náà bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e, ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn. Ara ènìyàn lágbára, ṣùgbọ́n kì í dúró deni.

Lánàá, Fúnkẹ́ bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ẹni tó ń béèrè wà láàyè.