Ẹ̀gẹ́ Tó Wà Nínú Oko Baba

Orí kunkun ló gbé mi dé ìdí ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé mi, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: ṣé oko kékeré tí àgbẹ̀ ń dá ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tó bọ́ ilé rẹ̀? Ọdún méjì ni mo fi gun ọ̀kadà láti Òṣíẹ̀lẹ̀ wọ àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn ìlú náà. Mo wọn oko, mo ka ebè, mo jókòó ti àwọn baba, mo bi wọ́n ní gbogbo ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù mi. Ẹ̀gẹ́ tí mo rí nínú oko wọn pọ̀ débi pé mo kọ ọ́ sílẹ̀ láìṣiyèméjì pé ebi kò lè wọ ilé wọn.

Ọ̀gá mi ní yunifásítì, tí kì í dédé yin ènìyàn, ka iṣẹ́ náà tán, wọ́n ní ó dára. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n kó ìwé náà fún yunifásítì. Àyè olùkọ́ kan ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀ka wa, èmi ni wọ́n fi sọ́kàn, bí mo bá ṣáà ti gba oyè mi lásìkò. Mo ti ń yan fanda kiri.

Fọ́tò lásán ni mo padà lọ yà ní abúlé. Nínú oko baba kan tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àgbẹ̀ inú ìwé mi, mo bá ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń hú ẹ̀gẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n lójú. Láfún ni wọ́n ń ṣe tà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ṣé baba lẹ ń bá hú u?"

"Baba wo? Ẹ̀gẹ́ mi ni mò ń hú."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Àwàdà kọ́. Wọ́n ní láti ìgbà òjò tó kọjá làwọn ti ra gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ baba lórí ìdúró, tí àwọn sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀, nítorí inú ilẹ̀ ni kì í ti í bàjẹ́. Ìgbà tí àwọn bá fẹ́ rẹ láfún làwọn ń wá hú ìwọ̀nba tí àwọn lè rù.

Orí mi fò lọ. Ilé baba ni mo gbà lọ tààrà.

"Baba, ṣebí ẹ sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ ni oko yẹn?"

"Èmi náà ni. Ta ni ì bá tún ni ín?"

"Ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti tà á tipẹ́. Ìwọ tíṣà yìí, o ò bi mí nípa ìyẹn o. Oko lo ní kí n fi hàn ẹ́, mo sì fi hàn ẹ́." Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n bóyá àwọn nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò sí ẹni tí kì í ṣe é, pàápàá tí wọ́n bá ti lé ọmọ ẹni wálé nítorí owó iléèwé.

Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú mi, n kò lè jẹ ẹ́. Ojú ń tì mí. Èmi ọmọ bíbí Igbein, tí wọ́n fi láfún tọ́ dàgbà, mo ka oúnjẹ ẹlòmíràn mọ́ ti baba, mo sì kọ ọ́ pé ilé wọn ń jẹ àjẹyó.

Ọ̀gá mi yọ awò ojú wọn nígbà tí mo ròyìn fún wọn.

"Ta ló tún mọ̀ nípa ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni, sà."

"Kó ìwé ẹ fún wọn bó ṣe wà. Gba oyè ẹ, gba iṣẹ́ ẹ, kó o tó padà lọ tún un ṣe. Tó o bá ní o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó kéré tán, ọdún kan ti lọ nìyẹn. Wọn ò ní dúró dè ẹ́."

Wọn kò fẹ́ ibi fún mi, ìyẹn ló jẹ́ kí ó ṣòro. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí mo fi dé Òwu tí mò ń gbé. Ṣùgbọ́n bí mo bá kó ìwé yẹn fún wọn bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ni ẹnìkan ní ọ́fíìsì ìjọba yóò kà á, yóò ní àwọn àgbẹ̀ yìí kò nílò ìrànlọ́wọ́, ọ̀rọ̀ mi ni yóò sì fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fàáké kọ́rí. Mo kọ lẹ́tà pé n kò tíì ṣetán. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gba ẹlòmíràn síṣẹ́. Ó dùn mí wọra, n kò ní purọ́.

Mo ya fọ́ọ̀mù àtijọ́ dànù, mo kọ tuntun, mo sì gba ọ̀dọ̀ ìyá oníláfún lọ kí n tó lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́ tó ti rọ̀. Mo ní mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè ni. Wọ́n dìde, wọ́n fọ ọwọ́ wọn títí dé ìgúnpá, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n wá jókòó tì mí.

"Ọdún méjì lo fi ń gba iwájú mi kọjá tòun ti báàgì ẹ," wọ́n ní. "Tí mo bá ti rí ẹ lókèèrè, màá sáré fọ ọwọ́. Mo máa ń rò pé ọjọ́ yẹn ló máa kàn mí."

Mo fa fọ́ọ̀mù tuntun yọ nínú báàgì mi.

"Ó yá," wọ́n ní, "bi mí."